Ṣé jíjò tí etí plasma ń jò ló dá iná ìdàpọ̀ átọ́ọ̀mù dúró?

Ìbéèrè láti Kubwa:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ni mo ń gbé, iṣẹ́ wáyà iná ni mò ń ṣe. Mo kà á pé nínú ẹ̀rọ tokamak, èyí tí wọ́n fẹ́ fi da átọ́ọ̀mù pọ̀ kó lè mú iná wá, plasma (gáàsì tó gbóná débi pé átọ́ọ̀mù rẹ̀ ti tú sí áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù) ń gbóná dé mílíọ̀nù 150 lórí òṣùwọ̀n Celsius, pé òòfà ni wọ́n fi dì í mú kó má bàa kan ògiri. Mo wá tún kà á pé etí plasma náà kì í dákẹ́, pé ìrúkèrúdò ló máa ń wà níbẹ̀, èérún sì ń jò láti ibẹ̀ lọ sára ògiri. Èyí ni kò yé mi. Bí òòfà bá lè di àárín tó gbóná jù mú, kí ló dé tí kò lè di etí tó tutù jù? Ọ̀gá mi ní kí wọ́n ra òòfà tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ á tán. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé jíjò yẹn ni kò jẹ́ kí iná yìí tíì dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni?

* * *

Àbúrò, ìbéèrè gidi lo bi yìí. Zaria ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì, ọ̀rọ̀ etí plasma ló sì wù mí jù nínú gbogbo ohun tí mò ń kà, nítorí náà n kò ní kánjú.

Ohun tí ọ̀gá rẹ sọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ: òòfà kò lágbára tó. N kò gbà. Bó bá jẹ́ pé kí èérún kan kọ lu èkejì nìkan ló ń tì wọ́n jáde, ìwọ̀nba ni ìbá máa jò, òòfà tó bá sì lágbára ní ìlọ́po méjì ìbá dín ohun tó ń jò kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ohun tí wọ́n bá pàdé nínú ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀. David Bohm, onímọ̀ físíìsì, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lásìkò ogun àgbáyé kejì rí i pé jíjò náà pọ̀ ju ìṣirò lọ fíìfíì, ìwé wọn sì jáde ní 1949. Ìlànà Bohm ni pé bí òòfà bá lágbára ní ìlọ́po méjì, ìdajì péré ni jíjò náà máa fi dín kù. Láàárín ọdún 1950 sí 1970, ìlànà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí àwọn onímọ̀ ní Princeton, ní Amẹ́ríkà, sọ̀rètí nù, nítorí ẹ̀rọ wọn ń jò bí Bohm ṣe wí.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni pé ní 1968, àwọn ará Rọ́ṣíà kéde ní Novosibirsk pé tokamak T-3 tiwọn di plasma mú ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àwọn kan kò gbà wọ́n gbọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì láti Culham gbé lésà wọn dé Moscow, wọ́n fi wọn ìgbóná ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀, wọ́n bá a ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 10. Láti ìgbà yẹn ni tokamak ti gba iwájú. Ẹ ṣàkíyèsí pé bí wọ́n ṣe to òòfà náà ló ṣe é, kì í ṣe agbára rẹ̀ nìkan.

Síbẹ̀ nǹkan kan ṣẹ́ kù tí títò òòfà kò lè mú kúrò. Níbikíbi tí ohun gbígbóná tó pọ̀ bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tútù tó ṣọ̀wọ́n, wọ́n á fẹ́ dà pọ̀. Nínú ITER, tokamak ńlá tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Cadarache, ní Faransé, nǹkan bíi mítà 2 péré ló wà láàárín mílíọ̀nù 150 yẹn àti ògiri tungsten tó máa yọ́ bó bá dé 3,422 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Gbogbo ìyàtọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ parí kó tó kan ògiri, etí ni ó sì ti ń já wálẹ̀ gan-an, láàárín ìwọ̀nba sẹ̀ǹtímítà. Bí èérún bá pọ̀ díẹ̀ ní ìhín ju ọ̀hún lọ, agbára iná mànàmáná á dìde láàárín wọn. Bí iná àti òòfà bá sì pàdé, èérún á máa sún lọ sí ẹ̀gbẹ́. Sísún yẹn á tún jẹ́ kí ìyàtọ̀ náà pọ̀ sí i. Báyìí ni ìgbì kékeré ṣe ń bí ńlá. Òòfà tó lágbára ń sọ ìgbì náà di kékeré, kò mú ohun tó bí i kúrò.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀gá rẹ kò rò kàn: a kò fẹ́ kí etí náà má jò rárá. Nígbà tí deuterium àti tritium (irú hydrogen méjì tó jẹ́ ohun ìdáná) bá dà pọ̀, agbára MeV 17.6 (MeV ni òṣùwọ̀n agbára átọ́ọ̀mù) jáde, nútírọ́ọ̀nù gbé 14.1 lọ nínú rẹ̀, helium mú 3.5. Helium yẹn ló ń mú plasma gbóná. Tó bá ti fún plasma ní ooru rẹ̀ tán, eérú ni, ó sì gbọ́dọ̀ jáde. Bí a bá dí etí náà pa, eérú á kún inú, ohun tó yẹ kó jó kò ní rí àyè. Nítorí náà, lójú tèmi, ẹni tó bá ń béèrè bí a ṣe máa dá jíjò náà dúró ti béèrè òdì. Ibo ló ń jò sí, báwo ló ṣe ń jò, ṣé díẹ̀díẹ̀ ni àbí gìrìgìrì? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

* * *

Ẹnìkan béèrè bóyá irú ẹ̀rọ yìí ni èyí tó wà ní Zaria. Rárá o. Èyí tó wà ní CERT, ibùdó ìwádìí agbára ní Ahmadu Bello University, NIRR-1 lorúkọ rẹ̀. Pípín ni ó ń pín átọ́ọ̀mù uranium, kò dà á pọ̀. Láti 2004 ló ti ń ṣiṣẹ́, agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlówáàtì 30 lọ, wọ́n sì ń fi nútírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ yẹ erùpẹ̀ àti òkúta wò láti mọ ohun tó wà nínú wọn. Ní 2018, wọ́n yọ uranium tó le jù (èyí tí apá tó ń pín pọ̀ nínú rẹ̀) kúrò nínú rẹ̀, wọ́n fi èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò. Kò ní plasma, kò ní tokamak. Tokamak kankan kò sí ní Zaria, kò sì sí ní Sheda, ibùdó ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wà lẹ́bàá Abuja.

* * *

Ẹnjiníà wa kan ní Kàdúná kọ̀wé pé mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di ńlá jù. Wọ́n ní èérún ń tàn láti ibi tó pọ̀ lọ síbi tó ti ṣọ̀wọ́n, pé kí a wá nọ́ńbà ìtànkálẹ̀ kan tó bá a mu, kí a fi sínú kọ̀ǹpútà, ó tán.

Ẹ̀gbọ́n, mo mọ ibi tí ẹ ti mú un, wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. SOLPS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ṣe ìṣirò divertor ITER (divertor ni apá ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe láti gba ooru àti eérú), ẹni tó ń lò ó ló ń fún un ní nọ́ńbà ìtànkálẹ̀ yẹn. Á máa yí i títí ìṣirò á fi bá ohun tí wọ́n wọ̀n mu. Ó wúlò, n kò bú u. Àmọ́ nọ́ńbà tí a yí kó lè bá ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ mu kò lè sọ ohun tí ẹ̀rọ tí a kò tíì kọ́ máa ṣe. Ohun tó dùn mí jù nínú rẹ̀ ni pé ó máa ń jẹ́ kí ènìyàn rò pé jíjò náà ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó jọ ọ́.

Ọ̀pá irin tín-ín-rín kan wà tí wọ́n ń tì bọ etí plasma, Langmuir probe ni wọ́n ń pè é, nítorí Irving Langmuir, ẹni tó fún plasma lórúkọ ní 1928. Iná tó ń gba ara ọ̀pá náà ń sọ bí èérún ṣe pọ̀ tó níbẹ̀, wọ́n sì lè kà á ní ìgbà mílíọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo máa ń gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sí ara ògiri kíláàsì, kí n tó sọ ohun tó jẹ́. Ìlà náà á wà nísàlẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú. Lójijì á fò sókè, á dé ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin ibi tó wà, lẹ́yìn náà á rọra bọ̀ wálẹ̀. Iwájú rẹ̀ dúró ṣánṣán, ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìrù gígùn. Gbogbo rẹ̀ kò ju bíi 20 máíkírò-sẹ́kọ́ǹdù lọ (ọ̀kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá). Ìlà á tún tẹ́jú, a kò mọ ìgbà tí èyí tó kàn máa dé. Ní gbogbo ìgbà ni akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń sọ pé wáyà ló ń jábọ́, pé ẹ̀rọ tó ń kà á ló bà jẹ́. Plasma gan-an ni wọ́n ń wò.

Ohun tó ń kọjá lára ọ̀pá yẹn ni ìṣù plasma, blob lorúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Sẹ̀ǹtímítà kan sí mélòó kan ni ìbú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè gùn dé ọ̀pọ̀ mítà lẹ́bàá ìlà òòfà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ti ara rẹ̀ jáde. Nínú tokamak, òòfà lágbára ní apá inú, níbi ihò àárín, ó sì dẹ̀ ní apá ìta. Ìyàtọ̀ yìí ń mú kí áyọ́ọ̀nù máa sún lọ sókè, kí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù máa sún lọ sísàlẹ̀, tàbí kí ó jẹ́ òdìkejì rẹ̀, ó dá lórí ibi tí òòfà kọjú sí. Iná á wá dìde láàárín orí ìṣù náà àti ìdí rẹ̀. Iná yẹn pẹ̀lú òòfà jọ á gbé gbogbo ìṣù lọ síta. Bí a bá yí ojú òòfà padà, iná náà á yí padà tẹ̀ lé e, ìta kan náà ni ìṣù á ṣì kọrí sí. Sergei Krasheninnikov ló kọ ìṣirò yìí sílẹ̀ ní 2001, kò sì gùn rárá.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò kékeré, ẹ̀gbọ́n, ẹ fi bírò bá mi ṣe é. Ẹ jẹ́ ká ní ìṣù kan ń sáré mítà 500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ògiri sì jìnnà sí i ní sẹ̀ǹtímítà 5. Ó máa dé ibẹ̀ ní ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Èérún inú rẹ̀ tó fẹ́ bá ìlà òòfà lọ sí divertor, níbi tó yẹ kó lọ, ní mítà bíi 20 láti rìn. Bó bá ń sáré kìlómítà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó máa lò tó ìlọ́po mẹ́ta àkókò yẹn. Ìṣù ti kan ògiri kí divertor tó gba tirẹ̀. Kò sí ibi tí nọ́ńbà ìtànkálẹ̀ ti sọ èyí fún wa.

Ẹni tó bá gbé Samaru ní Zaria nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ ààjà tó ń dìde lórí pápá lọ́sàn-án gangan. Eruku kì í tàn káàkiri pápá díẹ̀díẹ̀. Ààjà kan á kó tirẹ̀ lódindi, á gbé e kọjá títì, á dà á sí àgbàlá ẹlòmíràn, gbogbo ibi tó kù á sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ìpíndọ́gba eruku ọjọ́ yẹn kò lè sọ fún ẹ ìgbà tí aṣọ tó o sá máa dọ̀tí.

Kò sì túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ìṣirò o. Ní 2012, Odd Erik Garcia ní Tromsø, ní Norway, fi hàn pé bí a bá gbà pé ìṣù ń dé láìní àkókò kan pàtó, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fò sókè lẹ́ẹ̀kan tó sì ń rọlẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, a lè mọ bí gbogbo àmì náà ṣe máa pín. Ohun méjì péré ló ṣe pàtàkì: bí ìṣù kọ̀ọ̀kan ṣe ń pẹ́ tó, àti bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra tó. Ohun tó yẹ ká máa wọ̀n nìyẹn.

* * *

Àbúrò láti Kubwa tún padà wá: "Ẹ̀gbọ́n, tí ìrúkèrúdò bá burú báyìí, ṣé wọn ò lè pa á?"

Wọ́n ti pa á rí, ní ọ̀nà kan. Ní 1982, ní Garching, ní Jámánì, Fritz Wagner ń fi agbára tó pọ̀ sí i mú plasma inú tokamak ASDEX gbóná. Bí agbára náà ṣe kọjá ìwọ̀n kan, etí náà ṣàdédé dákẹ́, plasma sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ooru rẹ̀ mú fún nǹkan bí ìlọ́po méjì àkókò tó ń lò tẹ́lẹ̀. H-mode ni wọ́n sọ ọ́. Plasma etí ń ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́, ìpele kan ń yára ju èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ, ìyàtọ̀ eré yẹn ló ń já ìgbì sí wẹ́wẹ́ kó tó dàgbà. Ní ibi tó fẹ̀ ní ìwọ̀nba sẹ̀ǹtímítà péré, ìdènà kan dìde.

Ọ̀pọ̀ ìwé ń sọ èyí bí ẹni pé ìtàn ti parí síbẹ̀. Èmi rò pé ibẹ̀ ni wàhálà gidi ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ìdènà náà dì mú á máa pọ̀, á máa pọ̀, títí etí náà á fi bẹ́. ELM ni wọ́n ń pe bíbẹ́ yẹn. Nínú ẹ̀rọ kékeré, ògiri lè fara dà á. Nínú ITER, ìṣirò ní ẹyọ kan ṣoṣo tó bá tóbi lè tú tó mẹgajúùlù 20 dà sílẹ̀ láàárín ìdá kékeré ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ ohun tí divertor lè gbà léraléra kò ju nǹkan bíi 1 lọ. Bí etí náà bá sì wá kọ̀ tí kò bẹ́ rárá, ìdọ̀tí láti ara ògiri, pàápàá tungsten, á rọ́ wọ inú, á máa tan ìmọ́lẹ̀ ooru plasma dànù títí àárín á fi tutù. Ṣé o rí i? Dídí etí náà pa kò dára, kí ó sì máa bẹ́ kò dára.

Ní 2004, Todd Evans àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí tokamak DIII-D ní San Diego fi òòfà kékeré mìíràn da etí náà láàmú díẹ̀, ó sì dẹ́kun bíbẹ́ ńlá. Wọ́n dá jíjò kékeré sílẹ̀ kí ńlá má bàa ṣẹlẹ̀. ITER máa ní òòfà 27 fún iṣẹ́ yìí nìkan. Ní ASDEX Upgrade, wọ́n tún ní ọ̀nà mìíràn níbi tí etí ti ń tú ìṣù wẹ́wẹ́ jáde láìsinmi, tí kò sì sí ELM ńlá. Lórí tokamak TCV ní Switzerland àti DIII-D, wọ́n ń yí àwòrán plasma padà, wọ́n ń kọjú ibi tó ṣonṣo rẹ̀ sínú dípò ìta, etí kò wọ inú H-mode rárá, síbẹ̀ àárín ń di ooru mú dáadáa.

Ọ̀nà kẹta yìí ni èmi fara mọ́ jù. Àwọn kan ń sọ pé H-mode ni ITER gbé gbogbo ìrètí lé, pé kò sí àyè láti yí padà. Òótọ́ ni fún ITER. Ṣùgbọ́n fún ẹ̀rọ tó máa ta iná fún ènìyàn, tó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru fún ọ̀pọ̀ oṣù, n kò rí bí a ṣe máa gbé e lé ìdènà tó lè bẹ́ nígbàkigbà.

* * *

Bàbá kan ní Gwagwalada bínú. Wọ́n ní a jókòó sínú òkùnkùn, à ń sọ̀rọ̀ iná tí kò sí, kí n sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ sólà.

Bàbá, ẹ má bínú. Mo gbà pé sólà ni ti ìsinsìnyí, òun ni mò ń lò nílé, òun náà ni mò ń gba gbogbo ènìyàn níyànjú láti rà. Iná ìdàpọ̀ átọ́ọ̀mù kì í ṣe ti ọ̀la. Ní 2023, tokamak JET ní Culham mú mẹgajúùlù 69 jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5 láti inú ohun ìdáná tí kò ju mílígíráàmù 0.2 lọ. Ìyẹn jẹ́ yúníìtì iná 19. Agbára tí JET fúnra rẹ̀ jẹ láti ṣe é pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. ITER sì ti sún ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ sí 2034.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí n kò fi lè sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ìlà ìṣirò tí Hasegawa àti Mima kọ fún ìgbì inú plasma ní 1978, irú rẹ̀ gan-an ni Charney ti kọ ní 1948 fún ìgbì ńlá inú afẹ́fẹ́ ayé. Ọmọ tó bá mọ ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ èkejì. Iṣẹ́ wà fún un ní NiMet, ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ní Abuja, iṣẹ́ wà fún un níbikíbi tí wọ́n bá ti ń ṣírò ohun tó ń ṣàn. Èyí tí kò bá sì ṣiṣẹ́ níbòmíràn, tó dúró lórí plasma, kí ló dé tí ọmọ Hausa, Nupe, Yorùbá kò fi ní wà lára àwọn tó máa yanjú rẹ̀?

* * *

Mo fẹ́ padà sí ọ̀rọ̀ divertor, nítorí ẹnìkan sọ pé ìrúkèrúdò etí jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé lásán, kò kan ẹni tó ń kọ́ ẹ̀rọ.

Ẹ wo èyí. Nínú ITER, nǹkan bíi mẹgawáàtì 100 máa kọjá ààlà níbi tí ìlà òòfà ti ń ṣí sílẹ̀. Báwo ni ọ̀nà tí ooru yìí máa gbà ṣe fẹ̀ tó? Ní 2013, Thomas Eich kó ohun tí wọ́n wọ̀n lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ tokamak jọ, ìlànà tó yọ nínú rẹ̀ fún ITER ní mílímítà 1. Rédíọ́ọ̀sì ITER jẹ́ mítà 6.2, nítorí náà àyíká rẹ̀ tó mítà 39. Mítà 39 ní ìlọ́po mílímítà kan kò ju mítà onígun mẹ́rin 0.04 lọ. Pín mẹgawáàtì 100 sórí ìyẹn, ó jẹ́ 2,500 lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Tungsten inú divertor kò lè fara da ju bíi 10 lọ láìdáwọ́dúró. Wọ́n á tẹ àwo náà, wọ́n á ya ìlà òòfà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á fi gáàsì bíi neon sọ ooru di ìmọ́lẹ̀ kó tó débẹ̀. Gbogbo ìyẹn ni wọ́n fi ń wá bí wọ́n ṣe máa gbé 2,500 wá sílẹ̀ dé 10.

Robert Goldston ti ṣàlàyé mílímítà yẹn ní 2012 láìfi ìrúkèrúdò kún un rárá, ó ní sísún tí èérún ń sún lókè àti nísàlẹ̀ ló pinnu rẹ̀. Ó sì bá ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ mu. Ní 2017, C.S. Chang àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Princeton fi kọ̀ǹpútà àgbà ṣe ìṣirò ìrúkèrúdò etí lódindi. Lórí ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀, ìdáhùn wọn bá ti Eich mu. Lórí ITER, wọ́n rí ohun tó ju mílímítà 5 lọ, nítorí ìrúkèrúdò á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ sísún yẹn.

Mílímítà 1 àbí 5? Ẹni tó ń kọ́ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ̀, kò sì sí ẹ̀rọ tó tóbi tó láti dán an wò títí ITER á fi ṣiṣẹ́. Àwọn kan ti gbà pé mílímítà 5 ni. Èmi rò pé ìṣirò Chang tọ̀nà nínú ohun tó sọ nípa físíìsì rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́ divertor lórí mílímítà 5 nìkan ń fi owó àti ọ̀pọ̀ ọdún ṣeré. Kí wọ́n kọ́ ọ fún mílímítà 1. Bó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, a dúpẹ́.

Ẹ tún wò ó pé nínú àríyànjiyàn yìí, ìrúkèrúdò ni ọ̀rẹ́ wa.

* * *

Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Minna: "Ẹ̀gbọ́n, mo wà ní ọdún àṣekágbá. Ṣé mo lè fi èyí ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi láìní láàbù?"

O lè ṣe é, o sì máa ṣe é dáadáa. BOUT++ ni kó o wá, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni lè gbà á. Lórí Linux ló ti ń ṣiṣẹ́ jù. Bó bá jẹ́ Windows lo ní, fi WSL sí i, òun ló ń jẹ́ kí Linux ṣiṣẹ́ nínú Windows. Nínú àpẹẹrẹ tó bá a wá, ọ̀kan wà tó ń jẹ́ blob2d. Ìṣù kan ṣoṣo ni, nínú àpótí onígun mẹ́rin, ìlà ìṣirò méjì péré. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ní kókó (core) mẹ́rin tó, o kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Má ṣe gba olùkọ́ kankan láyè kó fún ẹ ní ohun tó tóbi jù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kó o mú: bí ìṣù bá tóbi sí i, ṣé á yára sí i? Ìṣirò ní bó bá kéré, eré rẹ̀ máa ń pọ̀ bí ó ṣe ń tóbi, gẹ́gẹ́ bíi gbòǹgbò onílọ̀ọ́po méjì ìbú rẹ̀. Bó bá tóbi kọjá ìwọ̀n kan, iná inú rẹ̀ á rí ọ̀nà jáde lọ sí ara àwo divertor, eré rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, gẹ́gẹ́ bí ìdá kan lórí ìbú náà ní ìlọ́po ara rẹ̀. Nítorí náà ìwọ̀n kan wà láàárín tó yára jù. Wá a. Ya àwòrán eré sórí ìbú, lórí bébà tó ní ìwọ̀n lọ́gàrítímù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí o lè rí orí òkè náà.

Wo ìrísí wọn náà. Èyí tó kéré á yí ara rẹ̀ ká bí ó ṣe ń lọ, á tú ká sí apá méjì. Èyí tó tóbi jù á ya bí ìka. Èyí tó wà láàárín ló ń dúró lódindi, òun náà ló ń rìn jìnnà jù, òun ni ògiri gbọ́dọ̀ bẹ̀rù.

Ní ti iná, mo mọ̀ pé wọ́n á mú un lọ nígbà tí ìṣirò rẹ ń lọ lọ́wọ́. Jẹ́ kó máa kọ ohun tó ti ṣe sílẹ̀ léraléra. Bí iná bá dé, fi "restart append" bẹ̀rẹ̀, á tẹ̀ síwájú láti ibi tó dúró sí. Ọ̀kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Samaru fi bátìrì sólà parí gbogbo tirẹ̀, alẹ́ ló ń ṣe é.

Bí o bá parí blob2d, dátà MAST, tokamak tí àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ń lò tẹ́lẹ̀ ní Culham, ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ènìyàn. Ìyẹn lè dúró di ìgbà másítà. Fún ìsinsìnyí, ohun kan tí olùyẹ̀wò máa bi ẹ́ ni bóyá ògiri àpótí rẹ ló ń dá ìṣù dúró, kì í ṣe físíìsì. Mú àpótí náà fẹ̀ sí i ní ìlọ́po méjì, tún un ṣe, bí eré náà kò bá yí padà, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ kí wọ́n tó béèrè.